Dókítà Katapílà

Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìbíadé.
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Sí Dókítà Moyinolúwa, ọmọ mi,

Ara mi le. Ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà níbi tó máa ń wà, ewúrẹ́ ti bímọ, òrùlé ṣì ń jò níbi tí o mọ̀ ọ́n sí. Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Kánádà. Rí i dájú pé o ti jẹun kí o tó ka èyí, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn.

Má ṣe pè mí lórí fóònù nípa rẹ̀ o. Etí mi ti wúwo, sípíkà ni mo fi ń gbọ́ ìpè, bí o bá sì ti lanu, gbogbo ẹ̀yìn ọjà ló ń bá mi gbọ́ ọ. Ìwé ni kí a máa kọ. Afeezat, ọmọ tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí ilé wa, ni yóò máa fi fóònù ya ìwé mi ránṣẹ́ sí ọ, yóò sì máa tẹ tìrẹ jáde fún mi. Mo ti mú un búra pé kò ní í kà á. Ó ní òun á máa dijú bí òun bá ń yà á.

O mọ ipa omi tó wà lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, èyí tó ń gbé òjò ìlú yìí lọ sínú ọ̀sà. Yanrìn àti koríko ti dí i pa. Lọ́dún tó kọjá, omi wọ yàrá ìyá Nọ́fíù dé orí ibùsùn. Orí tábìlì ni wọ́n ti lọ gbé ìyá arúgbó náà. Ni àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó bá ra katapílà tòkunbọ̀ kan fún wa, aláwọ̀ yẹ́lò, ọlọ́wọ́ gígùn tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì walẹ̀. Wọ́n fi èmi ṣe alága Ìgbìmọ̀ Ipa Omi. Nọ́fíù ni a ní kó máa wà á. O kò ní í gbàgbé Nọ́fíù. Ẹ jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan ní kíláàsì mi, òun ló máa ń pọ̀n ọ́ bí omi bá kún ojú ọ̀nà.

A ya ẹ̀rọ náà sí mímọ́ lọ́jọ́ Sátidé kan lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹrin, iná pupa kan tàn níwájú ẹni tó ń wà á, agbára rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Ẹ́ńjìnnì ń dún, ọwọ́ kò gbé nǹkan. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń bu ilẹ̀ bí ẹni ń bu ìkọ́kọrẹ́ kò lè ṣí ẹrẹ̀ mọ́.

Ìgbìmọ̀ ti pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin. A yan ìgbìmọ̀ kékeré kan láti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀, a sì ti yan òmíràn láti wádìí ìdí tí ìgbìmọ̀ kékeré náà kò fi tíì wádìí nǹkan kan. Ohun tí gbogbo wọn ń sọ ni pé Nọ́fíù ló bà á jẹ́, pé ó yọ ojúlówó ẹ̀yà kan tà, ó sì fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Nọ́fíù kàn ń wolẹ̀.

Èmi mọ iṣẹ́ tí o ń ṣe. Mo mọ̀ pé irú ẹ̀rọ yìí gan-an ni o ti ń tún ṣe lọ́hùn-ún láti ọdún márùn-ún. Ìlú ni kò mọ̀. Dókítà ni mo sọ fún wọn, nítorí ìwé dókítà ni mo ní kí o lọ kà. Ọ̀rọ̀ tó ti jáde lẹ́nu ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ kó o padà? Nítorí náà, sọ ohun tó ń ṣe katapílà fún mi ní ṣókí, kí n lè sọ ọ́ ní ìpàdé bí ẹni tó kà á nínú ìwé.

Ìyá Rachel ní kí n bi dókítà léèrè: orúnkún òun ọ̀tún ń dún bí òun bá ń dìde. Dá a lóhùn. Èyí tí mo dá a lóhùn lórúkọ rẹ nígbà tó kọjá, pé kó máa fi omi gbígbóná jó o, ó ní ó ṣiṣẹ́.

Fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ nínú aṣọ funfun. Èyí tó wà lára ògiri ti ń ṣá.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ernest Oyètọ́lá
(Ọ̀gá Ilé Ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìntì)


Saskatoon,
Kánádà.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti inú yìnyín. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, ẹ kú ìpàdé, ẹ kú ìgbìmọ̀ lórí ìgbìmọ̀. Inú mi dùn sí ti ewúrẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè mí ní dókítà, ó kéré tán nínú ìwé tó jẹ́ pé àwa méjì ló ń rí i, àwa méjì àti Afeezat. Aṣọ funfun inú fọ́tò yẹn, alápatà ìsàlẹ̀ ilé mi ló yá mi. Ẹ wo apá òsì dáadáa, ẹ ó rí ẹ̀jẹ̀ màlúù.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ẹ̀rọ. Irú katapílà ìgbàlódé bẹ́ẹ̀ ní táǹkì méjì. Èyí ńlá jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Èyí kékeré, tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ búlúù, jẹ́ ti omi kan tí wọ́n fi yùríà ṣe. Ẹ̀rọ á máa fín omi yẹn sínú sàláńsà láti fi fọ èéfín kó tó jáde. Nínú táǹkì kékeré yẹn ni sẹ́ńsọ̀ kan wà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́ omi náà wò, bóyá ó kún, bóyá ó gbóná, bóyá yùríà inú rẹ̀ pé. Bí kò bá pé, á sọ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì máa gé agbára ara rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi ṣe ohun tó tọ́. Kì í ṣe àìsàn, Bàbá. Ó daṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Mẹkáníìkì tí kò mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yọ sẹ́ńsọ̀ jù nù. Tiwa gba sùúrù. Kí ni ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná pupa yẹn gan-an? Ẹ dà á kọ bó ṣe wà, nítorí ohun tó máa kọ bí waya bá já yàtọ̀ sí èyí tó máa kọ bí omi bá burú. Ẹ sì ní kí Nọ́fíù pa ẹ̀rọ, kó dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kó yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, kó wò ó bóyá ìpẹtà tàbí nǹkan funfun bí iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo tún fẹ́ mọ iye kẹ́ẹ̀gì omi yùríà tó bá ẹ̀rọ náà dé, àti iye tó kù.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé waya o. Mo mọ ìlú mi. Ẹnì kan á ti máa wá ọ̀bẹ.

Nọ́fíù tí mo mọ̀ kò lè jí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí i lọ́wọ́. Kí ìyá Rachel lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì má fi orúkọ mi wo orúnkún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ọmọ yín,
Moyinolúwa, mẹkáníìkì


Ìbíadé.
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹta, 2025.

Sí Dókítà Moyinolúwa,

Ìwé rẹ dé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fi bírò pupa sàmì sí ibi mẹ́fà tí àmì ohùn rẹ ti ṣìnà. Má bínú pé èsì pẹ́, ìpàdé ni kò jẹ́.

Mo kí ọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ le jù. “Mo mọ ìlú mi,” kí ni ìyẹn? Ta ló bí ọ?

Ohun tí ẹ̀rọ náà kọ, ó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì pé omi inú táǹkì kékeré kò dára. Nígbà tí mo kà á fún ìgbìmọ̀, ilé gbóná. Àwọn kan ní ẹ̀rọ náà ń bú ìlú. Alhaja Asimawu fò dìde, ó ní ta ló bí ẹ̀rọ tí yóò wo omi òun lójú tí yóò ní kò dára! Inú Rẹ́fúrẹ́ńdì náà kò dùn. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbìmọ̀ wá ránṣẹ́ pe rẹ́wáyà kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Mùbàṣírù lórúkọ rẹ̀, ó ní kò sí ọkọ̀ agbépákó kan ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó tí òun kò tíì tú iná rẹ̀ palẹ̀. Ó yẹ ẹ̀rọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní olófòófó ni sẹ́ńsọ̀, bí a bá ti gé ahọ́n olófòófó, ilé á tòrò. Àtẹ́wọ́ ni ìgbìmọ̀ pa fún un. Ó gé waya méjì. Kàkà kí iná pupa kú, ó di méjì. Nísinsìnyí, ẹ́ńjìnnì kàn ń mí ni, bọ́kẹ́ẹ̀tì kò mira rárá, ohun tó sì ń kọ báyìí ni pé òun kò gbọ́ ohùn sẹ́ńsọ̀ mọ́. Mùbàṣírù ní ó ku àdúrà. Ó ti padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Kẹ́ẹ̀gì omi yùríà mẹ́rin ló bá ẹ̀rọ dé. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú yàrá mi, òǹtẹ̀ orí wọn kò tíì já. Mo tọ́jú wọn dáadáa.

Nọ́fíù kò lè yẹ sọ́kẹ́ẹ̀tì wò, nítorí a ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìpàdé ńlá di ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti lé e, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí ara pátákó iwájú ọjà pé òun ló ba ohun ìlú jẹ́. Àwọn àna rẹ̀ ní Màkún-Omi ti gbọ́. Wọ́n ní kí ọjọ́ ìgbéyàwó dúró ná.

Kí ni kí n sọ fún ìgbìmọ̀? Bá mi wá ohun kan tí ẹ̀bi rẹ̀ kò ní í kan ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn àgbà.

Ìyá Rachel ní òun kò lọ sí ọsibítù kankan, ìwọ ni òun gbà gbọ́.

Bàbá rẹ,
E. Oyètọ́lá


Saskatoon.
Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Mi ò ní í fi ìkíni fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bí a ṣe ń rò ó níbi iṣẹ́. Sẹ́ńsọ̀ tó bá kú kì í sọ pé omi burú. Dídákẹ́ ló máa ń dákẹ́, ẹ̀rọ á sì kọ ọ́ pé òun kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀bẹ Mùbàṣírù nìyẹn. Kí Mùbàṣírù tó dé, sẹ́ńsọ̀ ń sọ̀rọ̀. Iná ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, waya rẹ̀ pé, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì ń tẹnu mọ́, pé omi yìí kò dára. Ní gbogbo Ìbíadé, òun nìkan ló ń sọ òtítọ́, òun náà lẹ sì gé ahọ́n rẹ̀.

Nọ́fíù kò ta ẹ̀yà kankan. Ayédèrú kankan kò sí níbẹ̀.

Ó wá ku kẹ́ẹ̀gì. Mẹ́rin ló dé, mẹ́rin ló ṣì wà ní títì. Bí táǹkì bá gbẹ, ẹ̀rọ á kọ pé ó gbẹ. Èyí ní omi wà níbẹ̀. Omi wo ni, Bàbá? Ta ló bù ú síbẹ̀? Kí ló sì kan Alhaja Asimawu àti Rẹ́fúrẹ́ńdì nínú ọ̀rọ̀ táǹkì?

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.

Moyin


Saskatoon.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ọjọ́ kẹjọ rèé, ẹ kò fèsì. Afeezat ní ẹ gba ìwé mi, ẹ kà á lórí ìdúró, ẹ ká a sí mẹ́rin, ẹ fi í sínú Bíbélì, ẹ kò sì jẹun ọ̀sán. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé ìwé náà ni kò jẹ́ kí ẹ jẹun. Ó ní òun kò mọ nǹkan kan, òun dijú.

Wọ́n ní òjò ti ń rọ̀ ní Òde-Omi. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí wọ́n fi orúkọ Nọ́fíù ṣe ẹ̀sín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mi ò sọ fún yín rí. Ọjọ́ tí mo pè yín pé mo ti fi ìwé dókítà sílẹ̀, pé mo ti rí iṣẹ́ tí ọwọ́ mi fẹ́ràn, ẹ ní, “Ó dára.” Mo sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ yín ti di dókítà. Láti ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan ti wà ní Ìbíadé tó ń jẹ́ orúkọ mi, tó ń wọ aṣọ funfun, tó ń wo orúnkún. Ẹ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo máa ń jowú rẹ̀, Bàbá. Èmi tí mò ń dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ nínú òtútù tó ń bó ètè, tí wọ́n ń ti ìlú mẹ́ta ránṣẹ́ pè nítorí mo mọ ohun tó ń ṣe irin, ẹ kò béèrè mi rí. Ìgbà tí katapílà kú lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè mi, ẹ sì ní kí n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó dùn mí. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Ẹ dá mi lóhùn nítorí Nọ́fíù, bí kò bá tilẹ̀ jẹ́ nítorí mi.

Moyin


Ìbíadé.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹrin, 2025.

Moyinolúwa,

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Mo ti fa mẹ́rin ya.

Èmi ni mo da omi sí i.

Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, ìjà fẹ́ dé lórí ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbàdúrà, Rẹ́fúrẹ́ńdì tàbí Lémọ́ọ̀mù. Èmi alága ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí oníkálukú mú omi tirẹ̀ wá, n ó bu méjèèjì sínú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan náà. Rẹ́fúrẹ́ńdì gbàdúrà sí ìgò omi kan. Alhaja Asimawu bá Lémọ́ọ̀mù mú omi Sàmúsámù tó gbé bọ̀ láti Mẹ́kà wá. Mo rí ìdérí búlúù, mo ní búlúù ni àwọ̀ omi, ibẹ̀ náà ni. Ife kan ti ọ̀tún, ife kan ti òsì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní a rẹ́ òun jẹ. Ayàfọ́tò wá ní omi náà kéré jù, kò hàn nínú fọ́tò. Ni mo bá ní kí wọ́n fa omi kànga ilé ẹ̀kọ́ wá, mo dà á sí i títí ó fi kún. Fọ́tò náà dára.

Wọ́n kọ ohun tó yẹ kó wọ ibẹ̀ sórí ìdérí yẹn gbàǹgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ìlú yìí ní ìwé kíkà, n kò sì ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó wà lórí ìdérí. Mo ti bọ́ gíláàsì ojú mi sápò nítorí fọ́tò.

Nọ́fíù kà á. Ó pariwo látorí ẹ̀rọ pé, “Tíṣà, ẹ má dà á síbẹ̀!” Mo ní kó dákẹ́, pé kì í ṣe òun ni yóò kọ́ mi bí a ṣe ń ya nǹkan sí mímọ́. Nírọ̀lẹ́ ó wá bá mi nílé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n jẹ́ ká fa omi náà dànù kí òun tó tan ẹ̀rọ. Mo ní kó jáde, a kì í da omi àdúrà nù. Nígbà tí wọ́n wá pè é lólè lójú mi, ó gbójú sókè wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì wolẹ̀. Títí di òní kò tíì dárúkọ mi. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Moyin. Ó ṣojú gbogbo wa. Kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé omi àdúrà ló ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ojú ń tì mí. Bí mo bá dìde sọ èyí, wọn yóò bi mí pé ta ló sọ fún mi, ọ̀rọ̀ rẹ náà yóò sì tú síta. Kí irọ́ méjì tú lọ́jọ́ kan pọ̀ fún arúgbó.

Ohun tí o kọ nípa ọmọbìnrin aláṣọ funfun yẹn, mo kà á. N kò fi bírò pupa kàn án.

Bàbá rẹ


Saskatoon.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi tòótọ́,

Ẹ ṣeun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀, lẹ́yìn náà mo sunkún díẹ̀.

Ẹ sọ fún Alhaja àti Rẹ́fúrẹ́ńdì pé ẹ̀rọ kò bú omi wọn. Kò sọ pé kò mọ́. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ òun ni. Bí ebi bá ń pa yín, tí wọ́n gbé omi Sàmúsámù fún yín, ẹ ó dúpẹ́, ebi á sì ṣì máa pa yín.

Nọ́fíù ni kó ṣe é, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀. Kó pa ẹ̀rọ, kó dúró díẹ̀. Kó ṣí ojú ihò tó wà nísàlẹ̀ táǹkì kékeré, kí gbogbo omi náà ṣàn jáde. Ẹ gbé abọ́ méjì sábẹ́ rẹ̀ bí ẹ kò bá fẹ́ kí omi àdúrà kan ilẹ̀. Ẹ má fi omi kànga fọ inú táǹkì o! Ẹ já kẹ́ẹ̀gì kan, ẹ fi díẹ̀ nínú omi yùríà yẹn fọ̀ ọ́, ẹ da ìyẹn nù, kí ẹ tó rọ ojúlówó sí i. Kí Nọ́fíù so waya méjèèjì padà, àwọ̀ sí àwọ̀, kó jó o pọ̀ dáadáa, kó wé e kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Kó tan ẹ̀rọ, kó jẹ́ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ títí sẹ́ńsọ̀ á fi tún omi tọ́ wò. Iná á kú.

Lọ́dún àkọ́kọ́ mi níbí, èmi náà da ohun tí kò yẹ sínú táǹkì búlúù. Dísẹ́ẹ̀lì ni tèmi. Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá mi. Ó ní ẹni tó bá jẹ́wọ́ kí ẹ́ńjìnnì tó kú, mẹkáníìkì nìyẹn; ẹni tó bá dúró títí ó fi kú, oníbàárà ni.

Èyí tó kù, Bàbá, irinṣẹ́ mi kò dé ibẹ̀. Ẹ ní kí n wá ohun tí ẹ̀bi rẹ̀ kò ní í kan ẹnikẹ́ni. Mi ò rí i.

Moyin


Ìbíadé.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹrin, 2025.

Àǹtí Moyin,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Afeezat ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo kà á. Gbogbo rẹ̀ ni mo kà. Mo búra fún Bàbá pé mi ò ní í kà á, àmọ́ ta ló lè dijú ya fọ́tò kó má wọ́? Kí Ọlọ́run foríjì mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àfi ìyá mi, àti Ìyá Rachel tó bi mí.

Ojú fèrèsé gbọ̀ngàn ni mo wà báyìí. Èrò kún. Nọ́fíù jókòó sórí àga kan ṣoṣo níwájú, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé ti ka ẹ̀sùn tán. Wọ́n ní ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ sí pátákó. Bàbá ń nu gíláàsì ojú wọn. Wọ́n ti nù ún bí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Wọ́n ti wọ̀ ọ́. Bàbá ti dìde.

Afeezat


Ìbíadé.
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin, 2025.

Sí Moyinolúwa, mẹkáníìkì,

Mo kí ọ kú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ewúrẹ́ àti ọmọ rẹ̀ wà ní àlàáfíà.

Mo sọ ọ́. Mo ní, “Èmi ni. Nọ́fíù kìlọ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, mo lé e.” Mo ṣí fìlà mi fún Nọ́fíù níṣojú gbogbo wọn, ọmọ náà sì sáré wá dì mí mú kí n má bàa dọ̀bálẹ̀. Ó ní, “Tíṣà, ó tó.” Ìyá rẹ̀ ń sunkún.

Akọ̀wé wá bi mí pé ta ló sọ fún mi pé omi ni, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀. Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní báwo ni dókítà ṣe mọ katapílà? Mo ní kì í ṣe dókítà, mẹkáníìkì katapílà ni, mo ti ń purọ́ fún yín láti ọdún márùn-ún.

Mo retí ariwo. Ìyá Rachel ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ernest, ọmọ wẹ mẹkáníìkì ni, a ti mọ̀ tipẹ́.” Mo ní nígbà tí ẹ mọ̀, kí ló dé tí ẹ ń fi orúnkún ránṣẹ́ sí i? Ó ní, “Ó ń dún bí irin tí kò ní gíríìsì, ta ni kí n tún bi?” Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ṣé o rí i, gbogbo wọn ló mọ̀. Àánú mi ló ń ṣe wọ́n. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi, òtítọ́ ti bá a tipẹ́, ó kàn jókòó tì í, ó ń dúró dè mí ni.

Nọ́fíù ṣe é bí o ṣe kọ ọ́. A gbé abọ́ méjì sábẹ́ táǹkì, àmọ́ kò sí ẹni tó lè sọ èwo ni ti ọ̀tún, èwo ni ti òsì, nítorí náà ìgbìmọ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, iná kan kú. Lẹ́yìn wákàtí kan, èkejì kú. Bọ́kẹ́ẹ̀tì gbéra, ó bu ẹrẹ̀ kún ẹnu, ìyá Nọ́fíù sì jó yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn àna Màkún-Omi ti dá ọjọ́ padà. Òjò ńlá rọ̀ lánàá. Gbogbo rẹ̀ ló gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ lọ sínú ọ̀sà, ìyá arúgbó náà sì sùn sórí ibùsùn rẹ̀.

Mo ti fi ipò alága sílẹ̀. Wọ́n ti yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí yóò máa ka ohun tí wọ́n bá kọ sórí ìdérí gbogbo nǹkan tí ìlú bá rà. Wọ́n fi èmi ṣe alága rẹ̀.

O lè máa pè mí lórí fóònù báyìí, ì báà jẹ́ sípíkà. Jẹ́ kí ẹ̀yìn ọjà gbọ́. Mo fẹ́ kí o sọ iṣẹ́ rẹ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bí òtútù ibẹ̀ ṣe rí, ohun tí wọ́n ń pè ọ́ lọ tún ṣe ní ìlú mẹ́ta. N kò béèrè rí. Mo ń béèrè.

Mo ti yọ fọ́tò aláṣọ funfun kúrò lára ògiri. Mo rí ẹ̀jẹ̀ màlúù náà. Ìṣó ṣì wà níbẹ̀. Fi òmíràn ránṣẹ́ sí mi, èyí tí o wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ, kí o dúró ti ẹ̀rọ. Má fọ ọwọ́ rẹ kí wọ́n tó yà á.

Èmi ni bàbá mẹkáníìkì,
Ernest Oyètọ́lá